Charles-Augustin de Coulomb

Charles-Augustin de Coulomb (14 Oṣù Kẹfà 1736 – 23 Oṣù Kẹjọ 1806) jẹ́ onímọ̀ físíksì àti ẹnjiníà ológun ọmọ ilẹ̀ Fránsì. Ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi mọ orúkọ rẹ̀ ni òfin tí ó ṣàlàyé bí ohun méjì tí iná mànàmáná wà lára wọn ṣe máa ń fa ara wọn mọ́ra tàbí kí wọ́n ti ara wọn sẹ́yìn, àti ìwọ̀n iná mànàmáná tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Ṣùgbọ́n kí ó tó tẹ ìwé kankan jáde lórí iná mànàmáná, iṣẹ́ mìíràn ni ó ti sọ ọ́ di ọmọ ẹgbẹ́ Akádẹ́mì Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì ní Paris. Iṣẹ́ náà dá lórí fíríkíṣọ̀n, ìyẹn agbára tí ó máa ń dá nǹkan dúró, tàbí tí ó máa ń dín ìrìn rẹ̀ kù, nígbà tí ara rẹ̀ bá ń gbo ara nǹkan mìíràn. Igi gidi, irin gidi, okùn gidi àti ẹrù wúwo ni Coulomb fi ṣe àyẹ̀wò rẹ̀. Òfin tí ó fìdí wọn múlẹ̀ nígbà náà ni wọ́n ṣì fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nílé-ẹ̀kọ́ títí di òní.

Ìbí àti ìgbà èwe

Ìlú Angoulême, ní apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Fránsì, ni wọ́n ti bí Coulomb. Henri Coulomb ni orúkọ bàbá rẹ̀, Catherine Bajet sì ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ìlú Montpellier ni ìdílé bàbá rẹ̀ ti wá, àwọn agbẹjọ́rò sì pọ̀ nínú wọn. Bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ ológun kí ó tó di òṣìṣẹ́ ìjọba. Ìdílé ìyá rẹ̀ ní tiwọn rí já jẹ. Nígbà tí Coulomb ṣì wà ní ọmọdé, wọ́n kó lọ sí Paris, wọ́n sì fi í sí ilé-ẹ̀kọ́ Collège Mazarin. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìmọ̀ ọgbọ́n orí, tí ó sì tún kọ́ ìṣirò, ìmọ̀ ìràwọ̀, kẹ́místrì àti ìmọ̀ ewéko.

Kò pẹ́ tí ìyọnu fi dé bá ìdílé náà. Bàbá rẹ̀ fi owó ṣe òwò tí kò yọrí sí rere, owó náà sì wọmi. Ó padà sí Montpellier, ṣùgbọ́n ìyá Coulomb dúró sí Paris pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ìyá fẹ́ kí ọmọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Ọmọ ní ti rẹ̀ ti gbọ́ ẹ̀kọ́ tí Pierre Charles Le Monnier ń kọ́ àwọn ènìyàn ní Collège Royal, ìṣirò sì ti gbà á lọ́kàn. Èdèkòyédè náà le débi pé ìyá kọ̀ ọ́ lọ́mọ, kò sì fún un lówó mọ́. Coulomb tọ bàbá rẹ̀ lọ sí Montpellier. Ní 1757, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ìlú náà gbà á wọlé ní ẹ̀ka ìṣirò, ó sì ka ìwé mélòó kan fún wọn lórí ìṣirò àti ìmọ̀ ìràwọ̀.

Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà

Ìjókòó nínú ẹgbẹ́ onímọ̀ kò lè bọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ní ogún. Iṣẹ́ ẹnjiníà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ọba jẹ́ ọ̀nà kan tí ẹni tí ó mọ ìṣirò fi lè rí oúnjẹ òòjọ́. Coulomb padà sí Paris láti múra ìdánwò sílẹ̀, ní Oṣù Kejì 1760 ó sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ẹnjiníà ológun tí ó wà ní Mézières. Charles Bossut, tí ó kọ́ ọ ní ìṣirò níbẹ̀, di ọ̀rẹ́ àti alátìlẹ́yìn rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Oṣù Kọkànlá 1761, Coulomb jáde pẹ̀lú ipò lẹfutẹ́nántì. Ìlú Brest tí ó wà létí òkun ni wọ́n kọ́kọ́ rán an lọ.

Ọdún mẹ́jọ ní Martinique

Ní 1762, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba erékùṣù Martinique, ní òkun Karíbéánì, lọ́wọ́ Fránsì. Àdéhùn àlàáfíà ọdún 1763 dá a padà fún Fránsì, ìjọba sì pinnu láti kọ́ odi tí ọ̀tá kò ní lè tètè wọ̀. Ní 1764 wọ́n rán Coulomb lọ síbẹ̀. Martinique nígbà náà jẹ́ erékùṣù oko ìrèké, níbi tí àwọn ará Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ti ń ṣe iṣẹ́ àṣekú fún àwọn olóko. Ooru ibẹ̀ mú, àìsàn sì ń pa àwọn tí ó ti ilẹ̀ òtútù wá bí ẹni ń kán igi.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé Coulomb lọ́wọ́ ni kíkọ́ odi Fort Bourbon sórí òkè tí ó wà lókè ìlú Fort-Royal, tí a ń pè ní Fort-de-France lónìí. Iṣẹ́ ńlá ni. Ó ní láti ṣe ìṣirò bí ògiri yóò ṣe nípọn tó kí iyẹ̀pẹ̀ òkè má baà bì í ṣubú. Ó ní láti mọ bí òkúta yóò ṣe gòkè, iye òṣìṣẹ́ tí yóò gbé e àti iye ọjọ́ tí yóò gbà. Òfin inú ìwé tí ó kà ní Mézières kò tó fún un, nítorí pé ìwé máa ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ bí ẹni pé ara nǹkan kì í gbo ara, tí ó sì máa ń sọ̀rọ̀ okùn bí ẹni pé okùn kì í le. Lójú iṣẹ́, fíríkíṣọ̀n ni ó ń gba púpọ̀ nínú agbára àwọn òṣìṣẹ́, òun náà ni ó sì ń ran ògiri lọ́wọ́ láti dúró.

Ó tún ṣe àkíyèsí àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn. Ó rí i pé àwọn ọmọ ogun tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú ooru Martinique kò lè ṣe tó ìdajì iṣẹ́ tí irú wọn lè ṣe lójúmọ́ ní Fránsì. Àkíyèsí yìí wà lára ohun tí ó kọ sínú ìwé kan ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nípa ìwọ̀n iṣẹ́ tí ènìyàn lè ṣe lóòjọ́ láìṣe ara rẹ̀ léṣe. Àìsàn kọlu òun náà lẹ́ẹ̀mélòó kan. Nígbà tí ó fi padà sí Fránsì ní 1772, ara rẹ̀ ti bàjẹ́, kò sì tún le koko mọ́ títí ó fi kú. Odi tí ó kọ́ ṣì wà níbẹ̀, Fort Desaix ni orúkọ rẹ̀ lónìí.

Ìwé lórí ògiri àti iyẹ̀pẹ̀

Bouchain, ní àríwá Fránsì, ni wọ́n rán an lọ nígbà tí ó padà dé. Níbẹ̀ ni ó ti to àwọn ohun tí ó kọ́ ní Martinique jọ, ó sì gbé wọn síwájú Akádẹ́mì ní Paris ní 1773. Ìwé náà sọ̀rọ̀ nípa bí igi àjà ṣe ń tẹ̀, bí òpó ṣe ń fọ́, bí ilé alábẹ́ títẹ̀ ṣe ń dúró, àti bí iyẹ̀pẹ̀ ṣe ń ti ògiri tí ó dá a dúró.

Ọ̀nà tí ó gbà wo ọ̀rọ̀ iyẹ̀pẹ̀ rọrùn láti lóye. Bí ògiri bá fẹ́ ṣubú, iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ yóò yẹ̀ sílẹ̀ bí ègé kan tí ó ń yọ̀ lórí ojú ibi tí ó ti là. Ohun méjì ni yóò dènà ìyọ̀ yìí: ìlẹ̀mọ́ra iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, àti fíríkíṣọ̀n tí ó wà lójú ibi tí ó là náà. Coulomb wá ojú ibi tí ó léwu jù lọ nínú gbogbo ibi tí iyẹ̀pẹ̀ lè gbà là, ó sì fi èyí mọ bí ògiri ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó. Àwọn ẹnjiníà tí ń kọ́ ọ̀nà, afárá àti ìpìlẹ̀ ilé ṣì ń lo èrò yìí. Òfin tí wọ́n fi ń mọ ìgbà tí iyẹ̀pẹ̀ tàbí òkúta yóò yẹ̀ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Christian Otto Mohr ará Jámánì. Ní 1774, Akádẹ́mì sọ Coulomb di akọ̀wé-ránṣẹ́ rẹ̀, Bossut olùkọ́ rẹ̀ ni ó sì ń gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ tí a fi fọ́nrán so rọ̀

Ibi iṣẹ́ rẹ̀ tí ó tẹ̀lé e ni Cherbourg. Akádẹ́mì ti kéde ẹ̀bùn fún ẹni tí ó bá lè sọ bí a ṣe lè ṣe abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì tí ó dára jù lọ. Orí ẹ̀gún irin kékeré ni abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì sábà máa ń jókòó lé. Bí abẹ́rẹ́ bá fẹ́ yí díẹ̀ láti tọ́ka sí àríwá, fíríkíṣọ̀n orí ẹ̀gún náà yóò mú un dúró kí ó tó dé ibi tí ó yẹ. Coulomb mú ẹ̀gún náà kúrò, ó sì fi fọ́nrán tínrín so abẹ́rẹ́ rọ̀ láti òkè. Nípa báyìí, abẹ́rẹ́ lè dáhùn sí agbára tí ó kéré gan-an. Ní 1777, òun àti Jan Hendrik van Swinden ará Netherlands ni wọ́n jọ pín ẹ̀bùn náà. Fọ́nrán yìí ni yóò padà gbé e dé ibi òfin iná mànàmáná.

Àyẹ̀wò fíríkíṣọ̀n ní Rochefort

Ní ọdún 1777 kan náà, Akádẹ́mì kéde ẹ̀bùn mìíràn. Wọ́n béèrè fún ìwé lórí àwọn ẹ̀rọ tí ó rọrùn, bíi púlè àti pẹpẹ tí ó dagun, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹni tí yóò bá kọ ọ́ gbọ́dọ̀ ro ti fíríkíṣọ̀n àti ti líle okùn mọ́ ọn. Wọ́n tún fi kún un pé àyẹ̀wò náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a fi ohun ńlá ṣe, kí ó lè wúlò fún iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Kò sí ìwé tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn ní 1779. Wọ́n sọ ẹ̀bùn náà di ìlọ́po méjì, wọ́n sì sún un sí 1781.

Fíríkíṣọ̀n kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun nígbà náà. Leonardo da Vinci ti ṣe àkíyèsí rẹ̀ nínú àwọn ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìwé náà kò tíì jáde sí gbangba. Ní 1699, Guillaume Amontons ará Fránsì sọ ohun méjì fún Akádẹ́mì. Àkọ́kọ́ ni pé bí ẹrù bá ṣe wúwo tó ni fíríkíṣọ̀n rẹ̀ ṣe máa ń pọ̀ tó. Èkejì ni pé fífẹ̀ ojú tí ó kan ilẹ̀ kò yí i padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣiyèméjì nípa èkejì, nítorí pé lójú ẹni, ohun tí ojú rẹ̀ fẹ̀ yẹ kí ó le láti wọ́ ju ohun tí ojú rẹ̀ kéré lọ. Amontons tún sọ pé fíríkíṣọ̀n máa ń tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo ẹrù, ohun yòówù tí ìbáà jẹ́. Àwọn mìíràn mú ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ̀rọ kéékèèké ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí fi ṣe àyẹ̀wò wọn. Ẹni tí ó fẹ́ sọ ọkọ̀ ogun kalẹ̀ sínú omi kò lè gbára lé ìdá tí a rí lára ohun tí ó tó àpótí kékeré. Bí ó bá ṣi ìṣirò náà ṣe, ọkọ̀ lè kọ̀ láti yọ̀, tàbí kí ó yọ̀ jù.

Ní 1779 wọ́n rán Coulomb lọ sí Rochefort, láti bá Marquis de Montalembert kọ́ odi kan tí wọ́n fi igi nìkan ṣe ní tòsí erékùṣù Aix. Rochefort jẹ́ ìlú tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ogun fún ọba. Igi ńláńlá, okùn nínípọn, irin, òṣìṣẹ́ àti ẹrù wúwo pọ̀ níbẹ̀. Coulomb sọ ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ di ilé àyẹ̀wò rẹ̀.

Ó kan tábìlì tí ó lágbára gidigidi, ó sì to igi oak gígùn tí ó ti fá dán sórí rẹ̀. Ó gbé pátákó kan tí ó lè yọ̀ sórí igi náà, ó sì di ẹrù lé e. Okùn so mọ́ pátákó yìí, ó gba orí púlè kọjá, ó sì rọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àwo tí wọ́n ń di ìwúwo sí. Bí ó bá fẹ́ mọ agbára tí yóò ṣí ẹrù nídìí, yóò jẹ́ kí ẹrù jókòó fún ìgbà tí ó ti yàn, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ìṣẹ́jú mélòó kan, wákàtí tàbí ọjọ́, lẹ́yìn náà ni yóò máa fi ìwúwo kún ti inú àwo títí ẹrù yóò fi ṣí. Bí ó bá fẹ́ mọ fíríkíṣọ̀n ohun tí ó ti ń rìn, yóò gbá pátákó náà díẹ̀ kí ó lè ṣí, yóò sì ka àkókò tí ó gbà láti rin ẹsẹ̀ bàtà méjì àkọ́kọ́ àti méjì tí ó tẹ̀lé e. Láti inú ìyàtọ̀ àkókò méjèèjì ni ó ti lè mọ̀ bóyá fíríkíṣọ̀n ń yí padà bí eré ṣe ń pọ̀ sí i. Ó dán igi oak, fir àti elm wò, ó dán irin àti idẹ wò. Ó ṣe é ní gbígbẹ, ó tún fi ọ̀rá ẹran pa á. Ó yí ìwúwo padà, ó sì yí fífẹ̀ ojú padà.

Ohun tí ó rí

Àyẹ̀wò náà fi hàn pé Amontons tọ̀nà lórí ohun méjì tí ó sọ, àyàfi pé ìlẹ̀mọ́ra díẹ̀ máa ń wà, èyí tí ó máa ń hàn nígbà tí ẹrù bá fúyẹ́ tí ojú rẹ̀ sì fẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìdá kan ṣoṣo tí ó bá gbogbo ohun mu. Ohun kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Agbára tí ó ṣí igi oak lórí igi oak, lẹ́yìn tí ó ti jókòó fún ìgbà díẹ̀, lé díẹ̀ ní ìdá méjì nínú márùn-ún ìwúwo ẹrù náà, ó sì ju ohun tí Amontons sọ lọ.

Coulomb fi ohun mẹ́ta kún ìmọ̀ náà. Èkíní ni pé ó ya fíríkíṣọ̀n ohun tí ó dúró sọ́tọ̀ gédégbé kúrò lára ti ohun tí ó ń rìn. Agbára tí yóò ṣí igi lórí igi pọ̀ ju agbára tí yóò mú un máa lọ lẹ́yìn tí ó bá ti ṣí. Ìdí nìyí tí ẹni tí ń ti àpótí wúwo fi máa ń kọ́kọ́ làágùn gan-an, tí àpótí á sì dà bí ẹni pé ó fúyẹ́ bí ó bá ti gbéra.

Èkejì ni pé àkókò ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Bí igi bá jókòó lórí igi, fíríkíṣọ̀n wọn máa ń pọ̀ sí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò dúró síbì kan. Irin lórí irin kò ní irú ìyípadà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí igi bá jókòó lórí irin, fíríkíṣọ̀n lè máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè nínú àwọn ìwé ẹ̀kọ́: bí ohun gbígbẹ bá ti ń rìn, eré rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí fíríkíṣọ̀n rẹ̀ padà. Coulomb kò sọ pé òfin yìí kò ní àyè tí kò ti ṣiṣẹ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí igi bá ń yọ̀ lórí irin, fíríkíṣọ̀n máa ń pọ̀ sí i bí eré bá ṣe ń pọ̀ sí i.

Ó tún wọn bí okùn ṣe ń le nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ yí púlè ká, àti bí òpó róbótó ṣe ń yí lórí pẹpẹ. Ó rí i pé bí òpó bá ṣe tóbi tó ni agbára tí ó ń dènà yíyí rẹ̀ ṣe ń kéré tó. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ń fi òpó igi yí òkúta ti mọ èyí nínú iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ṣùgbọ́n Coulomb fi iye sí i.

Àlàyé rẹ̀ àti ohun tí ó kù síbẹ̀

Coulomb gbìyànjú láti ṣàlàyé ohun tí ó fa fíríkíṣọ̀n. Ó ní ojú ohun gbogbo, bí ó ti wù kí ó dán tó, ní kókó kéékèèké tí ojú kò lè rí. Nígbà tí igi méjì bá pàdé, kókó wọn máa ń wọnú ara wọn bí irun búrọ́ọ̀ṣì méjì tí a tẹ̀ mọ́ ara wọn. Ìdí nìyí tí ó fi le láti ṣí igi tí ó ti jókòó pẹ́. Ó ro ìlẹ̀mọ́ra wò pẹ̀lú, ó sì sọ pé ipa tí ó ń kó kò tó nǹkan. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ó bá jẹ́ ìlẹ̀mọ́ra ni ó fa fíríkíṣọ̀n, fífẹ̀ ojú ìbá ti yí i padà.

Ìdí yìí lágbára lójú gbogbo ènìyàn fún ọdún tí ó lé ní àádọ́jọ. Ìwé tí Frank Philip Bowden àti David Tabor tẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1950 ni ó fi ibi tí ó kù sí hàn. Ohun méjì tí ó jókòó lórí ara wọn kì í fi gbogbo ojú wọn kan ara wọn. Téńté orí àwọn kókó náà nìkan ni ó ń kan ara wọn, ibi tí wọ́n sì ti kan ara wọn gan-an kéré púpọ̀ sí ohun tí ojú ń rí. Bí ẹrù bá ṣe wúwo sí i ni àwọn orí kókó náà ń pọ́n sí i, tí ibi ìfarakanra gidi sì ń fẹ̀ sí i. Nítorí náà, ìlẹ̀mọ́ra lè wà níbẹ̀ kí fífẹ̀ tí ojú ń rí má sì yí nǹkan kan padà. Àlàyé Coulomb kò pé, ṣùgbọ́n òfin tí ó rí kò wó, nítorí pé orí ìwọ̀n ni ó gbé e kà. Ní ọdún 1830 sí 1839, Arthur Morin tún àyẹ̀wò náà ṣe ní ìlú Metz, èsì rẹ̀ sì bá ti Coulomb mu.

Akádẹ́mì àti ọ̀rọ̀ Brittany

Ìwé rẹ̀, tí ó pè ní Théorie des machines simples, gba ẹ̀bùn ìlọ́po méjì náà ní 1781. Ní Oṣù Kejìlá ọdún kan náà, Akádẹ́mì yàn án sí ẹ̀ka ẹ̀rọ. Láti ìgbà náà ni ó ti ń gbé ní Paris, tí ó ń fún ìjọba ní ìmọ̀ràn lórí iṣẹ́ ẹnjiníà, tí ó sì ń ráyè ṣe ìwádìí rẹ̀.

Iṣẹ́ ìmọ̀ràn yìí kó o sí wàhálà. Ní 1783 wọ́n rán an lọ sí agbègbè Brittany láti yẹ ètò kan wò, èyí tí wọ́n fẹ́ fi la odò kí ọkọ̀ lè máa gbà á kọjá. Àwọn alágbára wà lẹ́yìn ètò náà, ṣùgbọ́n Coulomb kò fọwọ́ sí i bí wọ́n ṣe fẹ́. Ní Oṣù Kọkànlá wọ́n fi í sí ẹ̀wọ̀n Abbaye ní Paris fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọn kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn ará Brittany rí i pé òótọ́ ni ó sọ, wọ́n sì fẹ́ san ẹ̀san fún un. Aago kan tí ó ń ka ìṣẹ́jú àáyá nìkan ni ó gbà lọ́wọ́ wọn, ó sì wúlò fún un nínú àyẹ̀wò rẹ̀.

Òfin Coulomb

Ní 1784, ó gbé ìwé jáde lórí fọ́nrán irin tínrín àti bí ó ṣe máa ń kọ̀ láti jẹ́ kí a lọ́ òun. Ó rí i pé bí a bá ṣe lọ́ fọ́nrán tó ni agbára tí ó fi ń gbìyànjú láti padà sí ipò rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Nítorí náà, ẹni tí ó bá mọ ìwọ̀n ìlọ́ lè mọ ìwọ̀n agbára, bí ó ti wù kí agbára náà kéré tó. Ọ̀nà tí ó gbà lé fíríkíṣọ̀n jáde kúrò nínú kọ́ńpáàsì ni ó tún lò níbí: ọ̀pá fẹ́ẹ́rẹ́ tí ó so rọ̀ kò jókòó lórí ohunkóhun, kò sí ohun tí ara rẹ̀ ń gbo.

Ní 1785 ó fi ohun èlò yìí wọn bí bọ́ọ̀lù kéékèèké méjì tí ó ní iná mànàmáná kan náà lára ṣe ń ti ara wọn sẹ́yìn. Bí ó bá sọ àyè àárín wọn di ìlọ́po méjì, agbára náà á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Láàárín 1785 sí 1791, ó gbé ìwé méje síwájú Akádẹ́mì lórí iná mànàmáná àti òòfà. Henry Cavendish ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti rí irú òfin yìí ṣáájú, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọdún 1879 ni ìwé rẹ̀ tó dé ọwọ́ àwọn ènìyàn, òfin náà sì ti ń jẹ́ ti Coulomb nígbà náà.

Ìgbà Ìjídìde Fránsì

Ìjídìde tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1789 da ètò ayé rẹ̀ rú. Ní 1791 ó fẹ̀yìn tì kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ológun. Ní Oṣù Kẹjọ 1793, ìjọba tuntun pa Akádẹ́mì rẹ́. Ní ìparí ọdún náà, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìgbìmọ̀ tí ń ṣètò ìwọ̀n tuntun fún ilẹ̀ Fránsì, pẹ̀lú Lavoisier, Laplace àti Borda. Òun àti Borda, ọ̀rẹ́ rẹ̀, kúrò ní Paris, wọ́n lọ sí ilé tí ó ní ní tòsí Blois. Ní Oṣù Karùn-ún 1794, wọ́n bẹ́ Lavoisier lórí ní Paris. Ní ìgbèríko, Coulomb ń bá ìwádìí rẹ̀ lọ ní jẹ́jẹ́.

Ní Oṣù Kejìlá 1795, nígbà tí wọ́n ti dá Institut de France sílẹ̀ rọ́pò Akádẹ́mì, wọ́n yàn án sínú rẹ̀, ó sì padà sí Paris. Ọ̀rọ̀ fíríkíṣọ̀n kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó so àwo pẹlẹbẹ rọ̀ sínú omi pẹ̀lú fọ́nrán, ó jẹ́ kí ó máa yí lọ yí bọ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì wọn bí omi ṣe ń dín ìrìn rẹ̀ kù. Ó rí i pé nínú omi, tí ìrìn kò bá yá, ìdènà náà máa ń pọ̀ bí eré bá ṣe pọ̀ tó. Èyí yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí ó rí lórí igi gbígbẹ. Ó tún fi ọ̀rá pa ojú àwo náà, kò sì rí ìyípadà. Ó mọ̀ láti inú èyí pé ara omi tí ó ń gbo ara rẹ̀ ni ìdènà náà ti wá, kì í ṣe ojú àwo.

Ìdílé àti ìgbẹ̀yìn ayé

Coulomb bí ọmọkùnrin méjì, ọ̀kan ní 1790, èkejì ní 1797. Ní 1802 ó gbé Louise Françoise LeProust Desormeaux, ìyá àwọn ọmọ náà, níyàwó lábẹ́ òfin. Ọdún kan náà ni wọ́n sọ ọ́ di ọ̀kan lára àwọn olùbẹ̀wò àgbà fún ètò ẹ̀kọ́. Ó rin ìrìn àjò káàkiri ilẹ̀ Fránsì láti ṣèrànwọ́ nínú dídá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ń pè ní lycée sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ kò le láti ìgbà Martinique. Ó kú ní Paris ní 23 Oṣù Kẹjọ 1806, nígbà tí ó jẹ́ ẹni 70 ọdún.

Ìrántí rẹ̀

Ní 1881, ìpàdé àgbáyé àwọn onímọ̀ iná mànàmáná tí ó wáyé ní Paris fi orúkọ rẹ̀ pe ìwọ̀n iná mànàmáná. Orúkọ rẹ̀ wà lára orúkọ 72 tí Gustave Eiffel kọ sára ilé gogoro Eiffel, wọ́n sì fi pe kòtò ńlá kan nínú òṣùpá.

Ìwé rẹ̀ lórí fíríkíṣọ̀n, tí Akádẹ́mì tẹ̀ jáde ní 1785, ni àwọn ẹnjiníà gbára lé jù lọ jákèjádò ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Fíríkíṣọ̀n gbígbẹ ṣì ń jẹ́ fíríkíṣọ̀n Coulomb nínú àwọn ìwé wọn. Ẹni tí ń ṣe bíréèkì ọkọ̀, ẹni tí ń ṣe bẹ́líìtì ẹ̀rọ, àti ẹni tí ń kọ́ ògiri tí yóò dá iyẹ̀pẹ̀ dúró lẹ́bàá ọ̀nà ṣì ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò wọn láti inú ohun tí ó rí: kí ẹrù wúwo tó, kí ohun méjì tí ó kan ara wọn jẹ́, àti bóyá wọ́n dúró tàbí wọ́n ń rìn.